Ẹ̀rọ Amúlétutù Alágbèéká Nínú Yàrá Kan: Ìtura Ni Tàbí Ìnáwó Lásán?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ohun èlò tí ènìyàn fẹ́ gbé wọ ilé rí. Ẹni tí ó bá ra ohun èlò láìwo yàrá tí yóò gbé e sí, láìwo iná tí yóò máa jẹ, láìwo àwọn aládùúgbò tí wọ́n jọ ń gbé, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé owó ti lọ, ìtura kò sì dé.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti ilé wá jókòó sí òkè Ọya tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí ooru ń jẹ́ fún. Ní ilé, ooru a máa mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kì í pẹ́ẹ́ rọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó. Ní Kánò, ní Sókótó àti ní Máídúgùrí, láti inú oṣù Ẹrẹ́nà títí wọ oṣù Èbìbí, ìwọ̀n ooru ọ̀sán a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ kì í sinmi ní alẹ́. Ṣe ni yóò máa tú ooru tí ó gbé mì ní ọ̀sán sínú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹlòmíràn a gbé ẹní jáde sí àgbàlá, ẹ̀fọn a sì fi í ṣe oúnjẹ. Ẹlòmíràn a da omi sí ilẹ̀ yàrá kí ó tó sùn. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ojú ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń wà lára ẹ̀rọ amúlétutù alágbèéká, èyí tí ó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀, tí a lè tì láti igun kan dé igun kejì, tí kò sì béèrè pé kí á lu ògiri onílé.

Ẹ jẹ́ kí á fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú ẹni tí a lè bá pàdé ní àdúgbò Sábọ́n Gàrí èyíkéyìí. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan sì là á láàrin. Ọmọ kékeré kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí èéhù ooru. Bàbá ọmọ ti ń tọ́jú owó láti ìgbà ọdún Kérésìmesì. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ sí ọjà, ó kọ́kọ́ yà ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìlú rẹ̀, tí ó ti ń tún fíríìjì ṣe ní Kánò láti ìgbà èwe rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀,” ni ó wí. “Ẹni tí ń tà á sọ pé kí n ṣáà ti kì í bọ iná, pé yàrá yóò di yìnyín.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, jókòó ná. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ó ṣe sọ ọ́.”

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni ó ń kó. Bí ìgbálẹ̀ ṣe ń kó pàǹtírí láti inú ilé lọ sí ààtàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń kó ooru láti inú yàrá lọ síta. Gáàsì kan wà nínú àwọn páìpù rẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀. Nígbà tí gáàsì náà bá wà ní ipò omi, tí a sì tú u sílẹ̀ lójijì, yóò fẹ́ lọ, yóò sì gba ooru mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ yàrá, gẹ́gẹ́ bí ara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ṣe ń tutù bí omi ti ń gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ yóò fún gáàsì náà pọ̀ tipátipá títí yóò fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti tú ẹrù ooru tí ó gbé sílẹ̀, tí yóò padà di omi, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ìtura ènìyàn ni a ṣe kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde. Ní ọdún 1902, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní ìlú New York, wà nínú ìṣòro: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà máa fẹ̀, kí ó sì tún máa sún kì, tí àwọ̀ kan kò fi bọ́ sórí èkejì bí ó ti yẹ. Willis Carrier, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ, ni ó wá ojútùú sí i. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń kó ooru, ó sì ń fa ọ̀rinrin.

Ẹ̀rọ tí a ń kọ́ mọ́ ògiri pín ara rẹ̀ sí méjì: apá tí ó tutù wà nínú yàrá, apá tí ó gbóná tí ó sì ń pariwo wà níta. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ alágbèéká, apá méjèèjì ni ó jọ wà nínú àpótí kan, inú yàrá sì ni àpótí náà wà. Nítorí náà ni ó fi ní páìpù oníke kan tí ń nà tí ń sún bí ìfun ewúrẹ́, èyí tí a gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé. Ẹni tí ó bá tan ẹ̀rọ náà láìti páìpù yìí síta kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣí fíríìjì sílẹ̀ tí ó ní òun fẹ́ mú ilé tutù. Iwájú ẹ̀rọ yóò máa fẹ́ atẹ́gùn tútù, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa tú ooru tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, yàrá yóò sì gbóná ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

ÌTUTÙ OLÓMI ÀTI ÌTUTÙ GÁÀSÌ

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ amúlétutù alágbèéká ní ọjà kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù rárá. Fáànù ni wọ́n, tí a gbé aṣọ tàbí bébà nínípọn tí omi ń rin sí ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tí ń gbẹ ni ó ń mú atẹ́gùn wọn tutù. Kì í ṣe ohun tuntun sí Yorùbá. Àmù tí àwọn ìyá wa ń gbé sórí iyanrìn tútù ní igun ilé kò lo iná kankan, síbẹ̀ omi rẹ̀ a máa tu ọ̀fun. Ìmọ̀ yìí kan náà ni olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, Mohammed Bah Abba, lò nígbà tí ó gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, tí ó fi iyanrìn tútù sí agbedeméjì wọn, tí ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Ìgbá tí ń bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ni a gbọ́ pé ó lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000.

Nítorí náà, kò sí ohun tí ó burú nínú fáànù olómi bí a bá mọ ibi tí ó ti wúlò. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ ni omi ti ń yára gbẹ. Ní Kánò, Kàtsínà tàbí Máídúgùrí, láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìgbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, fáànù olómi lè ṣe iṣẹ́ tí ó gbámúṣé pẹ̀lú iná tí kò ju ti fáànù lásán lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lọ sí Pọta, Kàlàbá tàbí Èkó, níbi tí ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, omi rẹ̀ kò ní rí ibi gbẹ sí. Ara yóò kàn máa lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí ní Kánò nínú oṣù Ògún nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé fèrèsé ni a ń ṣí sílẹ̀ fún fáànù olómi kí ọ̀rinrin lè ráyè jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé títì ni a ń ti fèrèsé fún ẹ̀rọ onígáàsì.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta han àbúrò rẹ̀. Èkíní, kí ó gbé e wò: ẹ̀rọ onígáàsì wúwo, ó sábà máa ń tó kílò 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí kò bá sí páìpù ńlá tí ń lọ síta, fáànù ni. Ẹ̀kẹta, kí ó ka bébà tí ó wà lára rẹ̀: bí ó bá jẹ́ wáàtì 60 tàbí 100 ni ó ń jẹ, fáànù ni, ẹ̀rọ onígáàsì tòótọ́ a máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 1,000 sí 1,500. Ẹni tí ó sì fẹ́ ra èyí tí wọ́n kó ti Amẹ́ríkà dé gbọ́dọ̀ kà bóyá iná 115 ni ó ń lò, nítorí iná 230 ni tiwa.

ÌWỌ̀N ẸṢIN ÀTI ÌWỌ̀N BTU

Àwọn ọlọ́jà wa ń fi ẹṣin ka agbára ẹ̀rọ: ẹṣin kan, ẹṣin kan àbọ̀, ẹṣin méjì. Nǹkan bíi 9,000 BTU ni wọ́n ń pè ní ẹṣin kan, 12,000 BTU ni ẹṣin kan àbọ̀. Fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ẹṣin kan lè tó bí àjà bá wà lókè, tí oòrùn ọ̀sán kò sì pa ògiri púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí páànù lásán bá ni ó wà lórí, tí ènìyàn mẹ́rin sì ń sùn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí ara ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tí ó tó ti gílóòbù oníwáàtì 100 sínú yàrá.

Kí òǹrajà má sì gba nọ́ńbà tí ó tóbi jù gbọ́ pátápátá. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rọ alágbèéká kò ka ooru tí páìpù rẹ̀ ń tú padà sínú yàrá, kò sì ka afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwọ̀n tuntun jáde tí ó ka méjèèjì, ẹ̀rọ tí ó ń jẹ́ 14,000 tẹ́lẹ̀ lè má ju 10,000 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n méjì bá wà lára páálí, èyí tí ó kéré ni kí a gbà.

PÁÌPÙ KAN TÀBÍ PÁÌPÙ MÉJÌ

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹtajà kì í sábà ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ olópáìpù kan ń lo afẹ́fẹ́ inú yàrá láti fi tu apá rẹ̀ tí ó gbóná nínú, yóò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ náà síta. Ṣùgbọ́n yàrá kì í ṣófo. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde láti ojú páìpù, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀: láti abẹ́ ilẹ̀kùn, láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́, láti àárín páànù àti ògiri. Ohunkóhun tí ó bá wà níta ni yóò bá a wọlé. Bí ó bá jẹ́ ooru ọ̀sán ni, ooru yóò wọlé. Bí ó bá jẹ́ eruku ọyẹ́ ni, eruku yóò wọlé. Bí ó bá jẹ́ èéfín ni, èéfín yóò wọlé.

Ẹ̀rọ olópáìpù méjì sàn jù. Páìpù kan ń fa afẹ́fẹ́ ìta wá láti tu apá gbígbóná nínú, èkejì ń lé e padà síta, a kò sì fi ọwọ́ kan afẹ́fẹ́ yàrá tí a ti fi owó iná mú tutù. Ó wọ́n díẹ̀, kò sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i rà yóò jàǹfààní rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ GBÉ E KALẸ̀

Kí páìpù náà kúrú, kí ó sì tọ́. A kò gbọ́dọ̀ so páìpù mìíràn mọ́ ọn pé kí ó lè gùn dé ibi tí a fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò há sínú rẹ̀, kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ yóò sì ṣe làálàá títí yóò fi bàjẹ́. Páìpù náà fúnra rẹ̀ a máa gbóná. Aṣọ nínípọn tí a bá fi wé e yóò dín ooru tí ó ń tú padà kù.

Férémù tí wọ́n ń kó mọ́ ẹ̀rọ náà wà fún fèrèsé tí ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé àtijọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè yọ gíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé, kí a sì jẹ́ kí káfíńtà gé pátákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní ojú ihò páìpù sí ààyè wọn. Kí a tọ́jú àwọn gíláàsì náà dáadáa, nítorí ọjọ́ tí a ó kó jáde. Ihò tó bá ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ pátákó, kí a fi fóòmù dí i.

Omi tí ẹ̀rọ náà ń fà láti inú afẹ́fẹ́ a máa kó jọ sínú àwo kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní Pọta tàbí Kàlàbá, ó lè kún kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rọ yóò sì dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ títí a ó fi da omi nù. Ní Kánò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, díkún-díkún ni ó ń wá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi náà. Asẹ́ eruku tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni kí a máa fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Nígbà ọyẹ́, kí a fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ tí ó sì dé, kí a dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó tún un tàn, kí gáàsì inú rẹ̀ lè rọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun ń lo gáàsì R-290, èyí tí í ṣe propane, tí ó sì lè gbaná. Kò ní í pa àwọsánmọ̀ lára bí àwọn gáàsì àtijọ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ẹnu kò láti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní Montreal ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n ẹni tí ń dáná nínú yàrá kan náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kí a má gbé sítóòfù sí tòsí ẹ̀rọ, kí a má sì gbà kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fi ìṣó tàbí iná kan páìpù rẹ̀.

OWÓ INÁ

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣírò. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ wáàtì 1,200, tí ó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà ní alẹ́ láìsinmi, yúníìtì 7.2 ni yóò jẹ. Ní oṣù Igbe ọdún 2024, nígbà tí àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná fi owó kún ti àwọn tí ó wà ní ìpele A, náírà 225 ni wọ́n pe yúníìtì kan. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, náírà 1,620 ni alẹ́ kan, náírà 48,600 ni ọgbọ̀n ọjọ́. Fáànù oníwáàtì 75, fún wákàtí mẹ́fà kan náà, kò ju náírà 101 lọ ní alẹ́ kan. Iye yúníìtì lè yí padà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ méjèèjì kò ní yí: ọ̀kan ń jẹ ìlọ́po 16 èkejì.

Ọgbọ́n wà nínú lílo méjèèjì pọ̀. Kí a ti fèrèsé, kí a fa kọ́tìnì nípọn bò ó láti ọ̀sán kí oòrùn má baà wọlé. Kí a tan ẹ̀rọ ní wákàtí kan ṣáájú oorun, kí a gbé e sí ìwọ̀n 25 tàbí 26 dípò 16, kí fáànù sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù náà káàkiri. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn lọ, a lè pa á. Ẹnu ihò iná ara ògiri tí ó dúró ṣinṣin ni kí a ti kì í bọ iná, kì í ṣe ojú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti so fíríìjì àti tẹlifíṣàn mọ́, nítorí irú wáyà bẹ́ẹ̀ a máa yọ́, a sì máa dá iná sí ilé.

IKÚ TÍ KÒ NÍ ÒÓRÙN

Nígbà tí aránṣọ gbọ́ iye owó iná, ó ní bí Nẹ́pà kò bá mú iná wá, òun yóò kúkú ra ẹ̀rọ amúnáwá, òun yóò sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà òun, nítorí olè.

Ojú ẹ̀gbọ́n yí padà. “Àbúrò, bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ àti ìdílé rẹ kò ní jí.”

Kì í ṣe àsọdùn. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní gáàsì olóró kan nínú tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ènìyàn lójú. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò gba ààyè afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sùn kò ní mọ ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti bá a lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Nísinsìnyí, ẹ rántí ohun tí a sọ nípa páìpù kan: ẹ̀rọ olópáìpù kan ń lé afẹ́fẹ́ yàrá síta, ó sì ń fa ti ìta wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa ikú wọlé bí ènìyàn ṣe ń fi ìdò mu omi. Títi ilẹ̀kùn kò lè gbani.

Kò sì di dandan kí ó jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ amúlétutù. Ti aládùúgbò tí ó wà lẹ́yìn ògiri tó. Ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ibi tí àgbàlá kò bá ti fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí a má lo ẹ̀rọ amúlétutù olópáìpù kan nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá kankan bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí kò lè gbé ju fáànù àti gílóòbù lọ kò tilẹ̀ lè gbé e, nítorí kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ a máa béèrè ìlọ́po agbára ní ìgbà tí ó bá ń dìde.

MÍTÀ KAN, Ọ̀PỌ̀ YÀRÁ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀rọ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ Yorùbá ń gbé ní ìdálẹ̀, mítà kan ṣoṣo ni ó wà fún yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, gbogbo ayálégbé a sì máa dá owó iná dọ́gba-dọ́gba. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ tí ń jẹ iná fáànù 16 wọlé, àwọn yòókù ni ó ń sùn nínú ooru tí wọ́n ń sanwó òtútù rẹ̀. Irú èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹ oúnjẹ pọ̀.

Kí aránṣọ tó lọ sí ọjà, ó lọ bá ìyá àgbà tí ó wà ní yàrá kejì, ẹni tí ń ta ẹ̀wà ní òwúrọ̀. “Màmá, ẹ má bínú,” ni ó wí, “mo fẹ́ ra nǹkan kan nítorí ọmọ yìí, iná tí yóò jẹ sì pọ̀.”

“Ọkọ mi, o ṣeun tí o sọ,” ni ìyá dáhùn. “Èmi kò bínú sí ìtura ọmọ. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀wà kò lè san owó òtútù.”

Ọ̀rọ̀ ìyá náà tọ́. Ojútùú rẹ̀ kò sì le: mítà kékeré kan wà tí oníṣẹ́ iná lè so mọ́ wáyà yàrá kan, tí yóò máa ka iye yúníìtì tí yàrá náà nìkan jẹ. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyókù ni gbogbo ilé yóò pín. Kí a sọ ọ́ kí a tó gbé ẹ̀rọ wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé.

ÌLERA NÍNÚ YÀRÁ TÍ A TÌ PA

Àwọn tí ó ti pẹ́ ní òkè Ọya kò lè gbàgbé ọdún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, tí ó sì pa èyí tí ó lé ní 11,000 nínú wọn. Ìgbà ooru gbígbẹ ni àrùn náà máa ń jà, yàrá tí ènìyàn pọ̀ sí tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè ni ó fẹ́ràn jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dín agbára rẹ̀ kù láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn kò yí padà: kí ènìyàn má pọ̀ jù nínú yàrá kan, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé. Nítorí náà, yàrá tí a mú tutù fún ìdílé kan kò gbọ́dọ̀ di ibi tí gbogbo ọmọ ilé ń rọ́ wá sùn sí. Ní òwúrọ̀, kí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Kí ni aránṣọ wá ṣe? Apá kan nínú owó tí ó tọ́jú ni ó kọ́kọ́ fi kan àjà sí yàrá, pẹ̀lú àdéhùn pé onílé yóò yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Ó sì bá a sọ ọ́ kí wọ́n kun orí páànù ní ọ̀dà funfun, èyí tí ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Àwọn Haúsá tí wọ́n kọ́ ilé alámọ̀ onígiri nínípọn sí inú odi Kánò àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ooru tí a kò jẹ́ kí ó wọlé kò béèrè owó iná láti lé e jáde. Lẹ́yìn èyí, ó fi fáànù olómi kékeré kan mú yàrá tutù títí òjò fi dé. Ọmọ sùn. Ìyókù owó náà wà nílẹ̀ fún ẹ̀rọ olópáìpù méjì ní ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí mítà kékeré bá ti wà lára wáyà rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ra tirẹ̀ lónìí, kí ó sì tọ̀nà: òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tí kò sì fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ mọ́ ògiri tí yóò fi sílẹ̀, tàbí aláìsàn tí ooru lè ṣe ní jàǹbá. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe mọ ni à á na bùbá. Kí oníkálukú wo yàrá rẹ̀, kí ó wo mítà rẹ̀, kí ó wo ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò rẹ̀ wà, kí ó tó na owó sí ọlọ́jà lọ́wọ́. Ìtura tí a bá fi ọgbọ́n rà ni í pẹ́ lára.